Aago ọkọ̀ àti èènì rẹ̀: ìdí tí aago eré fi máa ń sọ ju òótọ́ lọ

Bí takisí bá gbéra ní Gbaffo tí ó dojú kọ Ìdáàṣà, kì í pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn èrò. Wọn a sọ̀rọ̀ iye tí iṣu ń lọ lọ́jà Glazoué, wọn a sọ ti òjò tí ó fà sẹ́yìn, wọn a sọ ti ọmọ tí ó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ní Kútọnù. Láti ìgbà tí fóònù tí ń gba àmì sátẹ́láìtì ti dé àpò tọmọdé tàgbà, ọ̀rọ̀ mìíràn ti kún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ a wo fóònù rẹ̀, a wo aago tí ó wà níwájú awakọ̀, a sì ní: «Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, aago yín ń parọ́ o. 90 ni ó ń sọ, ṣùgbọ́n 86 ni fóònù mi sọ pé a ń sá.» Awakọ̀ a rẹ́rìn-ín músẹ́, a dá a lóhùn pé: «Àbúrò, ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi máa ń fi díẹ̀ kún un.»

Èrò ẹ̀yìn a bá wọn rẹ́rìn-ín, ọkọ̀ a sì máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lọ. Òótọ́ ni fóònù ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ. Aago awakọ̀ pẹ̀lú kò bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni ó ń ṣe. Ẹni tí ó ṣì í gbọ́ ni awakọ̀, nítorí ó ń ná ohun kan tí kì í ṣe tirẹ̀ láti ná. Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yéni, ó yẹ kí a mọ ohun tí aago yìí, tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ ń fi èdè Faransé pè ní «compteur», ń wọ̀n gan-an, ẹni tí ó pàṣẹ pé kí ó máa bu kún eré, àti ohun tí ó lè sọ àbùkún náà di òfo.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbé àgbègbè yìí mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ eré ọkọ̀ fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Gbaffo wà lábẹ́ kọ́múnù Ìdáàṣà, láàárín àwọn òkè àpáta tí gbogbo ayé fi mọ ilẹ̀ náà. Ní Ìdáàṣà ni ọ̀nà ńlá tí ó ti Kútọnù wá gbé pín sí méjì: ọ̀kan gba Ṣábẹ̀ẹ́ àti Tchaourou lọ sí Parakou, títí dé Malanville ní bodè Niger, èkejì gba Savalou lọ sí Djougou àti Natitingou. Ọkọ̀ akẹ́rù, ọkọ̀ akérò ńlá, takisí àti alùpùpù ni ó jùmọ̀ ń lo ọ̀nà yìí tọ̀sán-tòru. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, ọkọ̀ akérò ńlá kan àti ọkọ̀ akẹ́rù kan forí sọ ara wọn ní agbègbè Ìdáàṣà, iná sì ṣẹ́ yọ. Àwọn tí ó kú kò dín ní ogún. Kì í ṣe aago ọkọ̀ ni a fi ẹ̀sùn ikú wọn kàn níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà rán gbogbo ará ìlú létí pé lójú ọ̀nà yìí, ìṣẹ́jú àáyá kan àti ìwọ̀n mítà díẹ̀ lè ya ẹni tí ó délé sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò dé.

Kí ni aago náà ń wọ̀n?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé aago eré ń wo ojú ọ̀nà, tí ó sì ń sọ bí ilẹ̀ ṣe ń yára kọjá lábẹ́ ọkọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Aago náà kò mọ ilẹ̀, kò sì mọ ọ̀nà. Yíyípo ni ó ń kà. Ó ń ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀, tàbí irin tí ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀, ń yí po, a sì fi ìwọ̀n táyà tí wọ́n rò pé ó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ náà sọ iye yíyípo di kìlómítà.

Ìṣirò náà kò le. Àpẹẹrẹ kan ni táyà tí wọ́n kọ 195/65 R15 sí lára, èyí tí ó wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ kékeré. Bí ó bá jẹ́ tuntun, òbírípo rẹ̀ láti etí kan dé èkejì jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 634. Bí ó bá yí po lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ á ti rìn tó nǹkan bí mítà méjì. Nítorí náà, bí táyà bá ti yí ní nǹkan bí ìgbà 500, aago gbà pé ọkọ̀ ti rin kìlómítà kan. Bí táyà náà bá wá tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ tàbí tí ó kéré sí i, aago kò ní mọ̀. Yíyípo 500 ni yóò ṣì máa pè ní kìlómítà kan.

Ọ̀nà tí a ń gbà ka yíyípo yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1902, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Otto Schulze, ará Strasbourg, ìlú tí ó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, gba ìwé àṣẹ lórí irú aago kan tí àwọn ọkọ̀ ayé lò fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rin ọdún. Wáyà kan ti ibi jíà wá, ó ń yí bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe ń yí. Ní ìparí wáyà náà ni irin òòfà kékeré kan wà, tí ó ń yí nínú ife alumíníọ̀mù. Òòfà kì í fa alumíníọ̀mù bí ó ti ń fa irin. Ṣùgbọ́n bí òòfà bá ń yí kánkán nítòsí rẹ̀, agbára iná mànàmáná a dìde nínú ife náà, ife náà a sì fẹ́ bá òòfà yí. Sípíríǹgì tín-ín-rín kan ni ó ń dá a dúró. Bí eré bá ṣe pọ̀ tó ni ife náà yóò ṣe lè fa sípíríǹgì tó, ọwọ́ aago tí a so mọ́ ọn yóò sì sún sókè.

Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n ohun tí ń gbó ni. Bí òòfà bá ń dàgbà, agbára rẹ̀ a máa dín kù, aago a sì máa sọ iye tí ó kéré sí òótọ́. Bí sípíríǹgì bá rọ̀, aago a máa sọ ju òótọ́ lọ. Bí wáyà bá gbẹ, tí kò ní gírísì mọ́, ọwọ́ aago a máa gbọ̀n, á fò sókè, á tún wálẹ̀, bí ẹni pé ọkọ̀ ń ṣe jàgídíjàgan. Irú aago bẹ́ẹ̀ ṣì wà lára àwọn ọkọ̀ àgbà àti ọ̀pọ̀ alùpùpù tí ń rìn ní ìgbèríko.

Ọkọ̀ òde òní kò ní wáyà yìí mọ́. Ẹ̀rọ kékeré kan ni ó wà nítòsí jíà tàbí nítòsí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí ó ń ka eyín irin bí wọ́n ṣe ń kọjá níwájú rẹ̀, tí ó sì ń fi iye náà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Òǹkà rẹ̀ péye púpọ̀. Síbẹ̀, yíyípo náà ni ó ń kà, kì í ṣe ilẹ̀. Àyípadà tí ó bá bá táyà yóò sì bá òǹkà rẹ̀ pẹ̀lú.

Òfin tí ó pàṣẹ èènì

Bí kọ̀ǹpútà bá lè kà dáadáa tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí aago ọkọ̀ tuntun pẹ̀lú fi ń sọ 90 nígbà tí ọkọ̀ ń sá 86? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àwọn tí ó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, òfin ni ó sì fà á.

Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti ọdún 1975 lórí aago eré, àti Ìlànà 39 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ọkọ̀, sọ ohun méjì. Èkíní: aago kò gbọdọ̀ sọ iye tí ó kéré sí eré tí ọkọ̀ ń sá gan-an, láéláé. Èkejì: bí ó bá máa sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ní ibi tí ó gbọdọ̀ mọ. Nígbà ìdánwò ọkọ̀ tuntun, àlékún náà kò gbọdọ̀ kọjá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún eré gidi, pẹ̀lú kìlómítà 4 lórí rẹ̀. Ọkọ̀ tí ó bá ń sá 50 lóòótọ́, aago rẹ̀ lè sọ iyekíye láti 50 títí dé 59. Ọkọ̀ tí ó bá ń sá 80, aago rẹ̀ lè sọ títí dé 92. Èyí tí ó bá ń sá 100, aago rẹ̀ lè sọ títí dé 114. Gbogbo rẹ̀ ni òfin gbà. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń sá 100 tí aago sọ 99, a ti rú òfin.

Ẹni tí ó bá mọ ọjà yóò tètè mọ ohun tí òfin yìí jọ. Obìnrin tí ń ta gàrí, bí ó bá wọn igbá tán, a bu èènì lé e. Kò fẹ́ kí oníbàárà rẹ̀ délé kí ó wá rí i pé igbá kò kún. Ẹni tí ń ṣe ọkọ̀ pẹ̀lú wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀. Kò mọ irú táyà tí ẹni tí ó ra ọkọ̀ yóò fi sí i lọ́la. Kò mọ bóyá táyà náà yóò jẹ́ tuntun tàbí èyí tí ó ti jẹ. Kò sì lè ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún aago kí gbogbo wọn rí bákan náà láìsí ìyàtọ̀ kankan. Bí ó bá gbé aago sí orí òótọ́ gan-an, àwọn kan nínú wọn yóò bọ́ sí ìsàlẹ̀ òótọ́, èyí tí òfin kọ̀. Nítorí náà ni ó ṣe ń bu èènì: ó ń gbé gbogbo wọn sókè díẹ̀, kí èyí tí ó bá tilẹ̀ fẹ́ wálẹ̀ má bàa wálẹ̀ kọjá òótọ́.

Ó yẹ kí a kíyè sí i pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, ojú aago eré nìkan ni a ń bu èènì yìí sí. Òǹkà kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, èyí tí a ń wò kí a tó pààrọ̀ epo ẹ́ńjìnnì, kì í ní i nínú. Ìdí nìyẹn tí aago eré fi lè sọ ju òótọ́ lọ, kí òǹkà ọ̀nà tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ péye. Láti orísun kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá, ṣùgbọ́n ọ̀kan gba èènì, èkejì kò gbà.

Kì í ṣe gbogbo ayé ni ó ní irú òfin yìí. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà ìjọba àpapọ̀ fún ọkọ̀ akẹ́rù àti ọkọ̀ akérò tí a fi ń ṣòwò ní kí aago má fi ju máìlì 5 yàtọ̀ sí òótọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń sá máìlì 50 ní wákàtí kan, ìbáà jẹ́ sókè, ìbáà jẹ́ sísàlẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé níbẹ̀, aago lè sọ kéré sí òótọ́ kí ó má sì rú òfin. Ọkọ̀ tí ń gba èbúté Kútọnù wọlé kì í sì í ṣe láti Yúróòpù nìkan. Awakọ̀ tí ó bá gbà pé gbogbo aago ni ó ní èènì nínú ti fi ẹsẹ̀ kan sínú ewu.

Táyà tí ń jẹ èènì

Ohun tí ó ń tètè yí òǹkà aago padà jù lọ ni táyà. Táyà tuntun ní eyín tí ó ga tó nǹkan bí mìlímítà 8. Bí ó bá jẹ títí tí eyín rẹ̀ fi ku mìlímítà 1,6, èyí tí òfin Yúróòpù sọ pé kí a ti pààrọ̀ rẹ̀, òbírípo rẹ̀ á ti dín ní nǹkan bí mìlímítà 13. Fún táyà tí a ti mẹ́nu bà, ìyẹn jẹ́ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Táyà tí ó kéré sí i gbọ́dọ̀ yí lọ́pọ̀ ìgbà sí i kí ó tó lè rin ọ̀nà kan náà. Aago tí ń ka yíyípo a sì máa sọ ju òótọ́ lọ. Afẹ́fẹ́ tí ó dín kù nínú táyà àti ẹrù tí ó pọ̀ jù máa ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni tiwọn. Àwọn wọ̀nyí kò fi ọkọ̀ sínú ewu ní ti òǹkà aago, nítorí ìhà èènì ni wọ́n ń sún un sí. Ewu tiwọn wà níbòmíràn: táyà tí ó ti jẹ kì í di ọ̀nà mú bí òjò bá rọ̀, táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó a sì máa gbóná títí yóò fi bẹ́.

Ìhà kejì ni ó yẹ kí a bẹ̀rù. Ọ̀nà ìgbèríko kò dára bí ọ̀nà ọ̀dà. Òkúta wà níbẹ̀, kòtò wà, ẹrẹ̀ sì wà nígbà òjò. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ a máa wá táyà tí ó ga ju èyí tí ọkọ̀ bá wá lọ, kí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ má bàa máa gbá ilẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀: táyà àlòkù tí wọ́n rí rà lówó pọ́ọ́kú lọ́jọ́ tí ti àkọ́kọ́ bẹ́ ni wọ́n fi sí i, tí ó bá ṣáà ti lè wọ irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà.

Ká ní ọlọ́kọ̀ kan yọ 195/65 R15 kúrò, tí ó fi 205/70 R15 rọ́pò rẹ̀. Ojú lásán lè má rí ìyàtọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n táyà kejì fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó tilẹ̀ lé díẹ̀. Bí ó bá yí po lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ ń rin nǹkan bí mítà 2,10 dípò mítà 1,99. Bí a bá wá padà sí ọkọ̀ inú takisí àná, tí aago rẹ̀ ń sọ 90 nígbà tí ó ń sá 86, bí a bá fi táyà tuntun yìí sí i, nígbà tí aago bá sọ 90, eré gidi yóò ti di 90 àti díẹ̀ lórí rẹ̀. Gbogbo èènì ti tán. Bí táyà náà bá tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, aago yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kéré sí òótọ́, ohun náà gan-an tí òfin ṣe òfin kí ó má bàa ṣẹlẹ̀.

Kò sí àmì kan tí yóò tàn níwájú awakọ̀ láti sọ èyí fún un. Aago rẹ̀ ṣì ń sún, ó ṣì ń tàn lálẹ́, ó sì rí bákan náà bí ó ti rí lánàá. Òǹkà ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú yóò máa dín kù: bí ó bá sọ pé ọkọ̀ ti rin kìlómítà 5 000, ọkọ̀ ti rin ju 5 250 lọ, epo ẹ́ńjìnnì á sì ti pẹ́ ju bí ó ṣe yẹ lọ.

Máìlì àti aago tí ó ti kú

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ó kan ọkọ̀ tòkunbọ̀. Ọkọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá ń fi máìlì ka eré rẹ̀. Lójú aago rẹ̀, nọ́ńbà ńláńlá ti máìlì ni ó wà níta, nọ́ńbà wẹ́wẹ́ ti kìlómítà ni ó wà nínú. Máìlì kan ju kìlómítà kan àti ààbọ̀ lọ. Ó jẹ́ mítà 1 609. Awakọ̀ tí kò bá tíì mọ́ ọn lára, tí ó wọ ìlú tí pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sọ 50, tí ó sì gbé ọwọ́ aago sí 50 ńlá náà, kìlómítà 80 ni ó ń sá láàárín àwọn ọmọ ilé ìwé. Aago kò parọ́ fún un rárá. Òun ni ó fi ìwọ̀n ọjà kan díwọ̀n lọ́jà mìíràn.

Àwọn tí aago wọn ti kú pátápátá náà tún wà. Wáyà ti já, tàbí ẹ̀rọ tí ń ka yíyípo ti bàjẹ́, ọwọ́ aago sì sùn sórí òdo. Ọ̀pọ̀ alùpùpù tí ń gbé èrò kiri ni ó wà ní irú ipò yìí, a sì rí lára takisí pẹ̀lú. Awakọ̀ a ní òun kò nílò rẹ̀, pé etí òun ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì, ojú òun sì ń rí ọ̀nà.

Ojú ẹ̀dá kò ṣeé fi wọn eré. Àwọn onímọ̀ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ pé ẹni tí ó bá ti sá eré gigùn lójú ọ̀nà tààrà, bí ó bá dín eré kù láti wọ abúlé, yóò máa rò pé òun ń fà tìkọ̀ tìkọ̀, nígbà tí eré rẹ̀ ṣì pọ̀ jù. Ojú rẹ̀ ti mọ́ ìyára. Ẹni tí ó ti Bohicon bọ̀ tí ó fẹ́ wọ Paouignan tàbí Ìdáàṣà gan-an ni irú èyí ń bá. Ní àkókò náà gan-an ni aago wúlò jù lọ, nítorí aago kì í mọ́ ìyára lójú.

Mítà mẹ́tàlá

Kí ni ìyàtọ̀ 90 sí 100 tilẹ̀ tó? Èrò tí ó ń kánjú lè sọ pé kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ kí a fi ìwọ̀n sí i. Ká ní ọkọ̀ méjì ń bọ̀, ọ̀kan ń sá 90, èkejì ń sá 100. Ọ̀nà gbẹ, bíréèkì àwọn méjèèjì dára, táyà wọn dára. Ewúrẹ́ kan bọ́ sójú ọ̀nà. Awakọ̀ kọ̀ọ̀kan lo ìṣẹ́jú àáyá kan kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan bíréèkì. Láàárín àáyá kan yìí, ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti lọ mítà 25, èkejì ti lọ nǹkan bí mítà 28. Lẹ́yìn èyí, ọkọ̀ àkọ́kọ́ yóò lo nǹkan bí mítà 45 sí i kó tó dúró, èkejì yóò lo nǹkan bí mítà 55, nítorí agbára tí ó wà nínú ọkọ̀ tí ń sáré kì í pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú eré; ó ń pọ̀ sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára náà á di ìlọ́po mẹ́rin.

Ní àpapọ̀, ọkọ̀ àkọ́kọ́ dúró lẹ́yìn nǹkan bí mítà 70, èkejì lẹ́yìn nǹkan bí mítà 83. Mítà mẹ́tàlá ni ó wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí ó bani lẹ́rù ni èyí: níbi tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti dúró jẹ́ẹ́, ọkọ̀ kejì ṣì ń sá nǹkan bí kìlómítà 48 ní wákàtí kan. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ènìyàn ni ó dúró níbẹ̀, kì í ṣe ewúrẹ́, ìyàtọ̀ ìyè àti ikú ni. Bí ọkọ̀ bá wá ru ẹrù kọjá agbára rẹ̀, tí táyà rẹ̀ sì ti jẹ, mítà mẹ́tàlá náà yóò pọ̀ sí i.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé bí ìwọ̀n eré àwọn ọkọ̀ lójú ọ̀nà bá fi ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, ewu ìjàǹbá tí ń pani a máa fi ìdá 4 pọ̀ sí i. Àjọ náà ka ikú mílíọ̀nù 1,19 lójú ọ̀nà káàkiri ayé ní ọdún 2021, Áfíríkà sì ni ilẹ̀ tí irú ikú yìí ti pọ̀ jù lọ bí a bá fi iye ènìyàn pín in. Nínú irú ayé bẹ́ẹ̀, kìlómítà mẹ́rin tàbí márùn-ún tí aago fi pamọ́ kì í ṣe ohun kékeré. Ohun ìpamọ́ ni, tí ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ tí ọmọdé yóò sáré kọjá ọ̀nà.

Bí a ṣe lè dán aago wò

Kò di ìgbà tí a bá ra ẹ̀rọ olówó ńlá kí a tó mọ bí aago ọkọ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọ̀nà méjì ni ó wà nítòsí.

Èkíní ni òkúta kìlómítà tí a rì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ńlá. Kí a yan ojú ọ̀nà tí ó tẹ́ tí ó sì gún, ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ọkọ̀ kò pọ̀. Kí awakọ̀ di eré mú sí iye kan, fún àpẹẹrẹ 90, kí ó má sì yí i padà. Kì í ṣe òun ni yóò wo aago ọwọ́. Ẹlòmíràn tí ó jókòó tì í ni. Ẹni yìí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá láti òkúta kan, yóò sì dúró ní òkúta karùn-ún tí ó tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ tí ó bá ń sá 90 lóòótọ́ yóò lo ìṣẹ́jú àáyá 200 fún kìlómítà márùn-ún. Bí ó bá lo 210, eré gidi jẹ́ nǹkan bí 86, èènì sì wà níbẹ̀. Bí ó bá lo 190, eré gidi ti tó nǹkan bí 95: aago ń tan awakọ̀ jẹ, ó sì yẹ kí ó wo táyà rẹ̀ kíákíá. Kìlómítà kan péré kò tó fún ìdánwò yìí, nítorí àṣìṣe àáyá kan tàbí méjì nínú kíkà yóò ti ba ìṣirò jẹ́.

Èkejì ni fóònù. Ó ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì tí kì í dín ní mẹ́rin, ó sì ń fi bí àmì náà ṣe ń yí padà mọ bí fóònù ṣe ń yára rìn lórí ilẹ̀. Kò mọ táyà, kò sì mọ jíà. Bí eré bá dúró sójú kan, tí ojú ọ̀run sì ṣí, ohun tí ó sọ súnmọ́ òótọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ̀ pé eré ti yí padà, kò sì ṣeé gbára lé níbi kọ́nà tàbí lẹ́bàá àpáta gíga. Kí èrò mú un lọ́wọ́, kí awakọ̀ má ṣe wò ó. Ohun ìdánwò ni. Kò lè rọ́pò aago ọkọ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ pààrọ̀ táyà, kí ó ka nọ́ńbà tí ó wà lára èyí tí ọkọ̀ bá wá, kí ó sì sọ ọ́ fún àwọn tí ń ta táyà kí wọ́n tó gbé òmíràn jáde. Ẹni tí aago rẹ̀ ti kú, kí ó gbé e tọ mẹkáníìkì lọ. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, wáyà tí ó já ni.

Lẹ́yìn gbogbo ìdánwò yìí, bí awakọ̀ bá wá rí i pé èènì wà nínú aago òun, kí ni kí ó fi ṣe? Kí ó fi í sílẹ̀ níbi tí ó wà. Èènì gàrí wà fún ẹni tí ó rà á. Èènì aago wà fún àwọn tí ó jókòó lẹ́yìn àti àwọn tí ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Kò sí ìyá tí ó gbé ọmọ rẹ̀ sínú takisí ní Gbaffo tí ó sọ fún awakọ̀ pé kí ó ná an. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin bá tún wo fóònù rẹ̀ tí ó ní: «Ẹ̀gbọ́n, aago yín ń parọ́ o,» ìdáhùn kan wà tí yóò fi gbogbo èrò lọ́kàn balẹ̀ títí wọn yóò fi dé Ìdáàṣà: «Àbúrò, mo mọ̀. Jẹ́ kí ó máa pa á. Torí yín ni wọ́n ṣe ní kí ó máa parọ́.»